Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Káàdì Tó Gba Owó Kó Tó Dé, àti Ẹgbẹ́ Tí A Kò Mọ̀ Pé A Wọ̀

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ kírẹ́díìtì káàdì àti ẹgbẹ́ olówó-oṣooṣù pọ̀ débi pé a fi gbogbo ojú ewé oṣù yìí fún un. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti wá, ọ̀kan wá láti London. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ fi sùn kúrò. Ẹ máa rí i pé a ń tẹnu mọ́ ọjọ́ lemọ́lemọ́. Òfin wà lẹ́yìn oníbàárà ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, àmọ́ òfin náà ní gbèdéke, àwọn tó ń gba owó yín sì mọ gbèdéke ọ̀hún dunjú.

ÌBÉÈRÈ: Obìnrin kan pè mí lórí fóònù, ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí káàdì "Platinum" $5,000 fún mi, ì báà jẹ́ pé kírẹ́díìtì mi kò dára. Ó ní kí n san $199 owó ìforúkọsílẹ̀. Mo fún un ní nọ́ńbà dẹ́bíìtì káàdì mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta káàdì dé lóòótọ́, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kankan, kò ṣiṣẹ́ ní ilé epo. Wọ́n ní inú ìwé ọjà tiwọn nìkan ni mo ti lè ná an. Ṣé owó mi ti wọgbó nìyẹn? (Olùtọ́jú àgbàlagbà, Houston)

ÌDÁHÙN: Kò tíì wọgbó tán, àmọ́ ẹ má fi dọ̀la. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n tà fún yín. Kì í ṣe Visa, kì í ṣe Mastercard. Àwìn ilé ìtajà kan ṣoṣo ni, tí wọ́n tẹ̀ sára ike tó ń dán. Bí ẹ bá ṣí ìwé ọjà wọn, ẹ máa rí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbà ọrùn àti ìkòkò ìdáná tí iye owó wọn ga ju ti ọjà lásán lọ dáadáa. Wọ́n tún sábà máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ fi owó gidi san apá kan lára iye ọjà kí "káàdì" tó gbé ìyókù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ròyìn bí ẹ ṣe ń sanwó fún Equifax, Experian tàbí TransUnion, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó ń kó ìtàn kírẹ́díìtì èèyàn jọ, torí náà ìlérí pé á tún kírẹ́díìtì yín ṣe kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìlànà ìtajà orí fóònù tí FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti ìtànjẹ nínú òwò, gbé kalẹ̀ ní 1995 sọ ọ́ kedere: ẹni tó bá fi dá yín lójú, tàbí tó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, pé òun á bá yín gba owó yíyá tàbí káàdì, kò gbọdọ̀ béèrè owó kankan lọ́wọ́ yín kí owó tàbí káàdì náà tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. "A ti fọwọ́ sí i fún yín" àti "ẹ san $199 ná" kò gbọdọ̀ ti ẹnu kan náà jáde. Bí ẹ bá ti gbọ́ méjèèjì pọ̀, ẹ pa fóònù.

Ẹ pe báǹkì yín lónìí. Ẹ má sọ fún wọn pé olè jí nọ́ńbà káàdì yín, torí ẹ̀yin lẹ fún obìnrin náà, bí wọ́n bá sì gbọ́ ohùn tó gbà sílẹ̀, ẹjọ́ yín á dà nù níbẹ̀. Òótọ́ tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ sọ: ohun tí wọ́n júwe fún yín kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ìlànà Visa àti Mastercard fúnra wọn gba báǹkì láyè láti gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ oníṣòwò, dẹ́bíìtì káàdì náà wà nínú rẹ̀, gbèdéke rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 120. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ ya ojú ewé ìwé ọjà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tó pè yín àti nọ́ńbà tó hàn lórí fóònù.

Ẹ sọ fún báǹkì pẹ̀lú pé ẹ kò fún ilé-iṣẹ́ náà láṣẹ láti yọ kọ́bọ̀ mọ́. Irú wọn kì í sábà dúró lórí owó àkọ́kọ́, ẹ máa rí $19 níhìn-ín, $29 lọ́hùn-ún. Owó tí wọ́n bá yọ láìláṣẹ, ẹ ní ọjọ́ 60 láti ọjọ́ tí báǹkì fi sítétímẹ́ńtì ránṣẹ́ kí ẹ fi sọ. Báǹkì ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìwádìí á bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá owó náà padà sínú àkáǹtì yín títí wọ́n á fi parí, ìyẹn sì lè tó ọjọ́ 90 bó bá jẹ́ orí dẹ́bíìtì káàdì ni wọ́n ti yọ ọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọjọ́ 60 kọjá, èyí tí wọ́n bá yọ lẹ́yìn rẹ̀ lè di àdánù yín pátápátá.

Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹ̀sùn sílẹ̀ ní reportfraud.ftc.gov àti lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Texas. FTC kì í bá ẹnì kọ̀ọ̀kan gba owó rẹ̀, àmọ́ inú àkójọ ẹ̀sùn wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń mú ẹni tí wọ́n máa gbé lọ sílé ẹjọ́.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́tà wá sílé láti báǹkì gidi. Káàdì wọn jẹ́ Mastercard, $300 ni wọ́n gbà kí n máa ná, àmọ́ kí n san $95 kí wọ́n tó ṣí i, àti $75 owó ọdún kìn-ín-ní. Ṣé gbájú-ẹ̀ nìyí? (Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Baltimore)

ÌDÁHÙN: Rárá, òfin gbà á. Ohun tó ń bí wa nínú gan-an nìyẹn.

Òfin CARD Act ti 2009 sọ pé owó tí báǹkì máa gbà lọ́wọ́ yín lórí káàdì lọ́dún àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́rin kan iye tí wọ́n fún yín láti ná. Èlé àti owó ìjìyà fún àìtètèsan kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ìdá mẹ́rin kan $300 jẹ́ $75 géérégé. Ẹ wo bí iye náà ṣe bá ara mu! Báǹkì kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di 2013, àjọ CFPB tó ń dáàbò bo oníbàárà ilé owó yí ìlànà náà padà, wọ́n yọ owó tí ẹ bá san kí àkáǹtì tó ṣí kúrò nínú ìdá mẹ́rin yẹn. Ojú ihò yẹn ni $95 gbà wọlé.

Ẹ ṣírò ó. Ẹ san $95 sílẹ̀, $75 tún wọ inú káàdì bíi gbèsè lọ́jọ́ tó ṣí, ó ku $225 tí ẹ lè ná. $170 lẹ fi ra àǹfààní láti ná $225 tó jẹ́ gbèsè. Bí ẹ kò bá tètè san $75 yẹn, èlé á máa gun orí rẹ̀.

Káàdì onídògò ló sàn fún ẹni tí kò tíì ní ìtàn kírẹ́díìtì, bíi tiyín tàbí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Ẹ máa fi $200 sílẹ̀ lọ́dọ̀ báǹkì tàbí credit union (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ṣiṣẹ́ bíi báǹkì), wọ́n á fún yín ní káàdì $200, owó náà á sì padà sọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá pa á tì láìjẹ gbèsè. Ẹ béèrè ohun méjì kí ẹ tó fọwọ́ sí i: ṣé wọ́n ń ròyìn fún ilé-iṣẹ́ kírẹ́díìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé owó ọdọọdún wà lórí rẹ̀. Èyí tí kò gba owó ọdọọdún wà, ẹ wá a. Bí ẹ kò bá tíì pé ọdún 21, òfin kan náà ní kí ẹ fi hàn pé owó ń wọlé fún yín fúnra yín, tàbí kí ẹni tó ti pé 21 bá yín fọwọ́ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí ìpolówó ìpara ojú lórí Facebook pé kí n tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́, owó ìfiránṣẹ́ $4.95 nìkan. Kírẹ́díìtì káàdì ni mo fi san án. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún wọ́n yọ $89.95. Oṣù kejì wọ́n tún yọ $89.95, pẹ̀lú $39.99 tó ní orúkọ mìíràn. Mo pè títí, wọ́n ní mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kí báǹkì fún mi ní káàdì tuntun, wọ́n tún yọ ọ́ lórí tuntun náà! Báwo ni wọ́n ṣe mọ nọ́ńbà rẹ̀? (Oníṣòwò aṣọ, Atlanta)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn èyí tó yà yín lẹ́nu. Visa àti Mastercard ní ètò kan tó máa ń fi nọ́ńbà káàdì tuntun ránṣẹ́ sí oníṣòwò tí ẹ ti bá ṣe àdéhùn owó oṣooṣù, kí owó iná tàbí ìbánigbófò yín má baà já. Ètò náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilé-iṣẹ́ iná àti oníjìbìtì. Nítorí náà, "ẹ fún mi ní káàdì tuntun" nìkan kò tó. Ẹ sọ fún báǹkì pé ẹ ti fagi lé àṣẹ tí ẹ fún oníṣòwò yìí, kí wọ́n dí i pa lórí àkáǹtì, kí wọ́n sì má ṣe fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí i.

Wàyí o, bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ. Ọjọ́ ìdánwò 14 kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìpara dé ọwọ́ yín. Ọjọ́ tí ẹ tẹ bọ́tìnnì ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí páálí bá fi ọjọ́ mẹ́fà rìn, mẹ́jọ ló kù, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti dá a padà tàbí kí ẹ ti pè wọ́n kó tó pé. $89.95 àkọ́kọ́ kì í ṣe owó ìgò kejì. Owó ìgò "ọ̀fẹ́" tí ẹ ti ń fi para ni. Àti ìgbà náà ni ìgò tuntun á máa wá lóṣooṣù. $39.99 olórúkọ mìíràn sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹ́ ìlera tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀dínwó kan tí wọ́n ti fi àmì sí àpótí rẹ̀ fún yín kí ẹ tó dé ojú ewé náà.

Òfin ROSCA ti 2010 béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: kó sọ gbogbo kókó àdéhùn síta gbangba kó tó gba nọ́ńbà káàdì, kó gba ìyọ̀ǹda yín ní kedere kó tó yọ owó, kó sì ṣe ọ̀nà tó rọrùn tí ẹ fi lè dá owó oṣooṣù náà dúró. Lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀ ojú ewé kò tó láti fi ṣe gbangba. Ibi tí àwíjàre yín dúró lé nìyẹn.

Ẹ dúpẹ́ pé kírẹ́díìtì káàdì lẹ fi san. Òfin Fair Credit Billing Act ti 1974 fún yín ní ọjọ́ 60 láti ọjọ́ tí wọ́n fi sítétímẹ́ńtì àkọ́kọ́ tí owó náà hàn lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ lè tẹ báǹkì láago, ẹ lè tẹ bọ́tìnnì inú áàpù wọn, ó dára. Àmọ́ lẹ́tà ni òfin mọ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má jẹ́ kó kọjá ojú ewé kan: orúkọ yín, àdírẹ́sì, nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́ àti iye owó kọ̀ọ̀kan, orúkọ tó hàn lórí sítétímẹ́ńtì bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àti ìdí tí ẹ fi sọ pé àṣìṣe ni. Ìdí tiyín ni pé wọn kò sọ owó oṣooṣù fún yín ní kedere, ẹ kò sì fọwọ́ sí i. Ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀rí há a, ẹ má fi ojúlówó ránṣẹ́. Àdírẹ́sì tí wọ́n pè ní "billing inquiries" ni kí ẹ kọ sí, kì í ṣe èyí tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí. Àṣìṣe yìí ti ba ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹ fi í ránṣẹ́ lọ́nà tí olùgbà á fi fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí náà.

Báǹkì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ 30 pé lẹ́tà dé, kó sì parí ìwádìí láàárín sítétímẹ́ńtì méjì tó tẹ̀lé e, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 90 lọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn ẹ kò ní láti san owó tí ẹ ń jà lé lórí àti èlé rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ ròyìn pé ẹ jẹ gbèsè rẹ̀. Ìyókù tí ẹ jẹ, ẹ san án lásìkò.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń gbé èèyàn ṣubú níhìn-ín. Ẹni tó dá ìgò padà láìgba nọ́ńbà ìdápadà lọ́wọ́ wọn máa gbọ́ pé páálí kò dé. Ẹni tó gba "a ó dá ìdajì padà fún yín" lórí fóònù máa ń rí i lẹ́yìn náà pé wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé ẹjọ́ ti parí. Èyí tó burú jù ni "ẹ ní sùúrù, owó yín ń bọ̀", torí ọjọ́ 60 ni wọ́n ń fi sùúrù yẹn jẹ. Àwa kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lórí ìlérí ẹni tó ti fi ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ iwájú, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú ewé wọ̀nyẹn kì í pẹ́ pòórá.

ÌBÉÈRÈ: Sọ̀wédowó $8.25 wá nínú lẹ́tà tó ní àmì báǹkì mi lára. Mo rò pé owó mi kan ni wọ́n dá padà, mo fi sí àkáǹtì. Láti ìgbà náà wọ́n ń yọ $14.99 lóṣooṣù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ó ti tó ọdún kan ààbọ̀. (Ìyá kan, Providence)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ yẹ ẹ̀yìn irú sọ̀wédowó bẹ́ẹ̀ wò tí òmíràn bá dé. Níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ sí i gan-an ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé bí ẹ bá gbà á, ẹ ti wọ ẹgbẹ́ wọn nìyẹn, àti pé kí báǹkì máa yọ owó oṣooṣù lẹ́yìn ìdánwò ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá ṣírò oṣù 18 ní $14.99, ó jẹ́ $269.82. Nítorí $8.25!

Òwò yìí ti pẹ́. Ní 2009 ìgbìmọ̀ ètò ìṣòwò Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà yẹ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò, Affinion, Vertrue àti Webloyalty, tí wọ́n ń ta irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rajà tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni náà tẹ bọ́tìnnì ẹ̀dínwó, ilé ìtajà sì fi nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn láìjẹ́ pé ó tún un tẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé owó tí wọ́n ti gbà lọ́nà yẹn lé ní $1.4 bílíọ̀nù. Ìyẹn ló bí òfin ROSCA tí a sọ lókè, tó ní ilé ìtajà kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà káàdì yín fún ẹlòmíràn báyìí mọ́. Àmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òfin náà ń ṣiṣẹ́, inú àpò ìwé ni sọ̀wédowó tiyín gbà wá.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà lórí sítétímẹ́ńtì. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ní ẹ wọ ẹgbẹ́, ẹ̀dà sọ̀wédowó tí ẹ fọwọ́ sí, àti iye ìgbà tí ẹ ti lo àǹfààní ẹgbẹ́ náà rí. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "kò lò ó rí", ẹ ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà láti oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń yọ ọ́. Wọ́n á fi oṣù kan tàbí méjì lọ̀ yín. Ẹ sọ pé ẹ kò gbà, kí wọ́n fà yín lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́. Ẹ gba nọ́ńbà ìfagilé. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ kọ̀wé sí báǹkì pé kí wọ́n dá ìyọwó náà dúró, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa tún yọ ọ́. Ẹ lè fi ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n báǹkì lè ní kí ẹ fi ìwé tì í lẹ́yìn láàárín ọjọ́ 14. Oṣù méjì tó kẹ́yìn ni òfin dáàbò bò dáadáa. Èyí tó ṣáájú, ẹnu àti ẹ̀sùn sí CFPB ni ẹ máa fi gbà á. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá fi sùn lórí ìkànnì CFPB sábà máa ń fèsì láàárín ọjọ́ 15, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì yàn láti dá $200 padà dípò kí orúkọ wọn máa jókòó síbẹ̀.

Àmì báǹkì tó wà lára lẹ́tà kò túmọ̀ sí pé báǹkì kò mọ̀ sí i. Ní 2012 CFPB mú Capital One dá nǹkan bí $140 mílíọ̀nù padà fún mílíọ̀nù méjì oníbàárà, owó ìtanràn $25 mílíọ̀nù sì tẹ̀lé e. Ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn tó ń bá wọn dáhùn fóònù ń ta ìdáàbòbò ìsanwó fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò sì lè jàǹfààní rẹ̀, wọ́n tún ń jẹ́ kí àwọn kan gbà pé á gbé kírẹ́díìtì wọn sókè. Discover, American Express, JPMorgan Chase, Bank of America àti Citibank náà kó sínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín 2012 sí 2015. Nítorí náà, tí ẹ bá pe báǹkì láti fi jí káàdì tuntun, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun mìíràn tí wọ́n fẹ́ fi kún un, "rárá" ni kí ẹ wí. Ẹ má wí pé "ó dáa, ẹ fi ránṣẹ́ kí n wò ó".

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ní Dallas gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé wọ́n ti "fọwọ́ sí i ṣáájú" fún káàdì kan. Ó kọ̀wé béèrè, wọ́n kọ̀ ọ́. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún un? (Bàbá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe. FTC fi ẹ̀sùn irú èyí kan Credit Karma, ilé-iṣẹ́ tó ń fi máàkì kírẹ́díìtì han èèyàn, ní 2022: wọ́n ń sọ fún èèyàn pé wọ́n ti fọwọ́ sí i fún wọn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan wọn ni báǹkì sì wá kọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san $3 mílíọ̀nù. Ìpalára rẹ̀ fún ọmọ yín ni pé ìbéèrè tó kọ náà máa wà lórí ìwé kírẹ́díìtì rẹ̀ fún ọdún méjì, ó sì lè fa máàkì rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Kó má kọ òmíràn ní oṣù bíi mélòó kan. Lẹ́tà kíkọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Kó kà á. Bí kò bá fẹ́ kí irú lẹ́tà ìpolówó bẹ́ẹ̀ máa wá sílé mọ́, kó lọ sí optoutprescreen.com tàbí kó pe 1-888-567-8688. Ó lè yan ọdún márùn-ún tàbí títí ayé.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé bí a ṣe tẹ bọ́tìnnì wọlé náà la máa tẹ bọ́tìnnì jáde. Ṣé mo lè fi mú ilé ìdárayá mi? (Awakọ̀ akérò, Chicago)

ÌDÁHÙN: FTC gbé ìlànà yẹn jáde ní oṣù kẹwàá 2024. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti àgbègbè kẹjọ wọ́gi lé e ní oṣù keje 2025, wọ́n ní FTC kò tẹ̀lé ètò tó yẹ kó tó gbé e kalẹ̀. ROSCA ṣì dúró ní tirẹ̀ fún ohun tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun sì ni FTC fi mú Amazon lórí Prime, ẹgbẹ́ olówó tiwọn. Ẹ̀sùn náà sọ pé orúkọ ewì ogun Gíríìkì àtijọ́, Iliad, ni wọ́n fún ọ̀nà ìjáde wọn nínú ilé-iṣẹ́, torí bó ṣe gùn tó. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 Amazon gbà láti san $2.5 bílíọ̀nù, $1.5 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ fún àwọn oníbàárà.

Bó bá jẹ́ orí ìwé lẹ ti fọwọ́ sí àdéhùn ilé ìdárayá, ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ń fagi lé e. Ó sábà máa ń béèrè lẹ́tà, ọjọ́ 30 ṣáájú. Ẹ kọ ọ́, ẹ gba ẹ̀rí pé ó dé, kí ẹ tó wá dá owó dúró ní báǹkì. Ẹni tó kọ́kọ́ dá owó dúró láìkọ lẹ́tà máa rí ara rẹ̀ lọ́wọ́ agbowó-gbèsè.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n gba £15 fún ìrìn àjò tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà £18 ń jáde lóṣooṣù. Báǹkì ní ilé-iṣẹ́ náà ni kí n lọ bá. (Nọ́ọ̀sì, Peckham, London)

ÌDÁHÙN: Báǹkì yín kò sọ òótọ́ fún yín. Ní Britain, owó tí wọ́n ń yọ lórí nọ́ńbà káàdì báyìí ni wọ́n ń pè ní continuous payment authority, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti fagi lé e lọ́dọ̀ báǹkì tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kọjá. Ẹ dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Owó tí wọ́n bá tún yọ lẹ́yìn tí ẹ ti fagi lé e, báǹkì gbọ́dọ̀ dá a padà. Kì í ṣe Direct Debit, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ tààrà láti inú àkáǹtì, tí kò gba orí káàdì. Direct Debit ní ìdánilójú tirẹ̀ tó jẹ́ pé báǹkì á dá owó tí wọ́n ṣi yọ padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo áàpù yín: bí £18 yẹn kò bá sí nínú àkójọ Direct Debit, lórí káàdì ló wà.

Fún oṣù tó ti lọ, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé ẹ kò mọ̀ pé ẹ wọ ẹgbẹ́, ẹ kò lò ó rí, ẹ fẹ́ gbogbo owó padà. Section 75, òfin tó ń mú kí ilé-iṣẹ́ kírẹ́díìtì káàdì bá olùtajà pín ẹ̀bi, kò kàn yín níhìn-ín, torí ohun tó ju £100 lọ ló wà fún. Bí báǹkì bá kọ̀ láti dá ìyọwó dúró, ẹ fi ẹ̀sùn kàn wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni wọ́n ní láti fèsì sí irú ẹ̀sùn yìí, 35 ó pẹ́ tán bí ọ̀rọ̀ bá le. Lẹ́yìn ìdáhùn wọn ẹ ní oṣù mẹ́fà láti gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman, tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé owó, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ á rántí CPP tó ń ta ìdáàbòbò káàdì. Wọ́n bu owó ìtanràn £10.5 mílíọ̀nù lé e lórí ní 2012. Ọdún tó tẹ̀lé e ni òun pẹ̀lú báǹkì àti ilé-iṣẹ́ káàdì mẹ́tàlá gbà láti ya owó tó lè tó £1.3 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún oníbàárà. Ohun tí wọ́n ń tà ni ìdáàbòbò lórí owó tí báǹkì ti gbọ́dọ̀ dá padà tẹ́lẹ̀ bí olè bá ná an. Ètò ìsanpadà yẹn ti parí tipẹ́. Ẹni tó bá pè yín pé òun á bá yín gba owó CPP, owó yín lòun náà ń wá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní òun mọ ilé-iṣẹ́ tó máa pa gbèsè mi rẹ́ lórí ìwé kírẹ́díìtì. $800 ni, wọ́n á tún fún mi ní nọ́ńbà tuntun oní díjíìtì mẹ́sàn-án tí màá máa lò dípò Social Security, nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi dá mi mọ̀. (Aṣọ́gbà, Maryland)

ÌDÁHÙN: Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òfin 1996 lórí àwọn tó ń tún kírẹ́díìtì ṣe kò gbà kí wọ́n gba owó kí iṣẹ́ tó parí. Bó bá jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti tà á fún yín, ó tún gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí àbájáde ti hàn lórí ìwé kírẹ́díìtì yín. Gbèsè tó bá jẹ́ òótọ́, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Ọdún méje ló máa lò, ìkéde àìlèsan-gbèsè nílé ẹjọ́ lè lo mẹ́wàá.

Nọ́ńbà tuntun yẹn, tí wọ́n ń pè ní CPN, ló léwu jù. Ó sábà máa ń jẹ́ Social Security ọmọdé, ẹlẹ́wọ̀n tàbí òkú. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí ìwé tí ẹ fi ń béèrè káàdì, ọ̀ràn ìjọba àpapọ̀ lẹ dá, orúkọ yín ló sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó tà á. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò dára lórí fáìlì ẹni tó ṣì ń retí ìwé ìgbé.

Ohun tí wọ́n fẹ́ fi gba $800, ẹ lè ṣe é fúnra yín láìná kọ́bọ̀. Ẹ lọ sí annualcreditreport.com, ibẹ̀ ni òfin yàn. Ẹ lè gba ìwé náà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìkànnì tí orúkọ wọn jọ ọ́: ní 2005 FTC mú ẹ̀ka Experian kan san $950,000 torí pé ẹni tó bá gba ìwé "ọ̀fẹ́" lọ́dọ̀ wọn ń bá ara rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ $79.95 lọ́dọọdún. Ibi tí wọ́n bá ti béèrè nọ́ńbà káàdì fún ohun ọ̀fẹ́, ẹ jáde. Bí ẹ bá rí gbèsè tí kì í ṣe tiyín, ẹ kọ̀wé tako ó lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjọ́ 30 ni wọ́n sábà máa ń ní láti wádìí rẹ̀. Ohun tí wọn kò bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò tàbí kí wọ́n tún un ṣe.